Oògùn Tí Wọ́n Fi Ń Wo Bárakú: Ṣé Ẹni Tó Ń Lò Ó Lè Wakọ̀?

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ tí mo wọ ọkọ̀ Iléṣà ní Mayfair, nílùú Ilé-Ifẹ̀. Iwájú ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. Ó ku èrò kan péré kí ọkọ̀ kún, ni dẹ́rẹ́bà bá na ọwọ́ sábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, ó fa káàdì oògùn kan yọ, ó tẹ hóró méjì sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì fi pàrágà gbé e mì. Mo bi í pé kí ni. "Àǹtí, oògùn ẹ̀yìn ni," ló wí. "Ẹ̀yìn máa ń dun àwa tá a ń jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀." Kó tó dá káàdì náà padà, mo rí ohun tí wọ́n kọ sí i: tramadol, 225.

Èrò kan yẹn pẹ́ kó tó dé. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí kan ká tó gbéra. Nígbà tí a ó fi jáde ní Ifẹ̀, dẹ́rẹ́bà wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í họ imú. Ó họ imú, ó họ apá, ó tún padà sí imú. Ara rẹ̀ yá gágá, ó ń rọ́ ìtàn, ó sì ń sáré. Lẹ́yìn Òsú, ìtàn dákẹ́. Orí rẹ̀ fì lẹ́ẹ̀kan, bí ti ọmọ tó ń tòògbé lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọkọ̀ sì rọra ń ya lọ sí apá ibi tí tírélà ti ń bọ̀. Obìnrin kan lẹ́yìn ló figbe bọnu. Dẹ́rẹ́bà ta jí, ó yí ọwọ́ ọkọ̀ padà, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mo rí i."

Kò rí i.

Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ẹ̀gbọ́n wa kan, ọmọ àbúrò bàbá mi, ti ìlú òyìnbó wálé wá ṣe ọdún Ìwúdé ní Iléṣà. Láràárọ̀, kó tó fọhùn sí ẹnikẹ́ni, á fi oògùn pẹlẹbẹ kékeré kan sábẹ́ ahọ́n, á jókòó sórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sì pa ẹnu mọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá títí oògùn yẹn á fi yọ́ tán. Ẹni tó bá kí i, orí ló máa fi dá a lóhùn. Màmá àgbà rò pé àdúrà ló ń gbà, wọn ò sì jẹ́ kí ọmọ kankan pariwo lágbègbè ibẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ló tó là á fún wọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló yẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, dókítà kọ oògùn ìrora fún un, oògùn ìrora di bárakú sí i lára, èyí tó ń fi sábẹ́ ahọ́n yìí ni wọ́n sì fi ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn.

Ilé dàrú. Ẹnì kan ní ká kó oògùn náà dà sí ṣáláńgá. Àbúrò bàbá mi kan ní òun ò ní wọ ọkọ̀ tí olóògùn ń wà. Màmá àgbà ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn, wọ́n ní ó di ìgbà tí òye ọ̀rọ̀ náà bá yé àwọn.

Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀kan náà ni dẹ́rẹ́bà ọjọ́sí àti ẹ̀gbọ́n mi yìí: wọ́n ń lo oògùn, wọ́n sì ń wakọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni mo fẹ́ sọ, torí pé àìmọ̀ ìyàtọ̀ yẹn ń pa èèyàn níbi méjì. Ó ń pa wọ́n lójú títì. Ó sì ń pa wọ́n nínú yàrá, níbi tí awakọ̀ tó fẹ́ jáwọ́ ti ń jẹ̀rora lóun nìkan, torí ó mọ̀ pé bí òun bá fi lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ òun.

Ohun tí oògùn ìrora ń ṣe fún ojú àti ọwọ́ awakọ̀

Ìdílé kan ni morphine, codeine, heroin, tramadol àti pentazocine. Àwọn kan jáde láti ara omi tó ń sun lára òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní poppy, àwọn mìíràn sì jẹ́ èyí tí èèyàn pò nílé iṣẹ́ ìpoògùn. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Nínú ọpọlọ àti nínú ọ̀pá ẹ̀yìn wa, àwọn ibì kan wà tó dà bí ihò kọ́kọ́rọ́. Ara fúnra rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ tó fi ń ṣí wọn nígbà tí ìrora bá dé. Oògùn wọ̀nyí jọ kọ́kọ́rọ́ ara yẹn, wọ́n wọ ihò náà, wọ́n sì lè ṣí i ju bí ara ṣe ń ṣí i lọ. Ìrora á lọ, ọkàn á fúyẹ́, ojú á wúwo, ara á máa yún èèyàn (họ imú, họ apá), èémí á falẹ̀, ọmọlójú á sì sún kì.

Ọmọlójú yẹn ni kí awakọ̀ kọ́kọ́ gbọ́. Ọmọlójú máa ń là gbòòrò lálẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó wà níta lè ráyè wọlé. Oògùn yìí kì í jẹ́ kó là. Á kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ẹni tó lo irú rẹ̀, tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ lálẹ́, tó gba Mòrò àti Ìpetumodù wá sí Ifẹ̀, inú òkùnkùn ló wà bí iná ọkọ̀ rẹ̀ tiẹ̀ mọ́lẹ̀ rekete. Ẹni tó wọ aṣọ dúdú létí títì, ìgbà tó bá sún mọ́ ọn gan-an ni á tó rí i. Bó bá sì rí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ tún máa pẹ́ díẹ̀ kó tó dé orí bíréèkì.

Tramadol, tí ìgboro ń pè ní tírámọ́ọ̀lù, tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Yàtọ̀ sí ìrora tó ń gbé lọ, ó tún ń ru àwọn èròjà mìíràn sókè nínú ọpọlọ, èyí tó ń jẹ́ kí ara èèyàn tají kó sì le. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi máa ń sọ pé ó ń fún òun lágbára, pé oorun kì í kun òun bí òun bá ti lò ó. Irọ́ kọ́ ló ń pa. Agbára yẹn wà lóòótọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń fún un láyà láti sáré. Òògbé ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni. Èyí tó tún burú jù ni pé tramadol lè mú kí gìrì gbé èèyàn lójijì, àgàgà bí èyí tí èèyàn lò bá pọ̀. Awakọ̀ tí gìrì bá gbé lórí eré kò ní ráyè pe orúkọ Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí dẹ́rẹ́bà wa gbé mì. Dókítà máa ń fún àgbàlagbà ní 50 tàbí 100 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ohun tó sì máa lò láàárín ọjọ́ kan kò gbọ́dọ̀ kọjá 400. NAFDAC kò fọwọ́ sí hóró tramadol kankan tó ju 100 lọ ní Nàìjíríà, ìyẹn ni pé 225 tó wà lára káàdì yẹn fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ẹrù òfin. Hóró méjì jẹ́ 450. Ó ti ju ti odindi ọjọ́ kan lọ, ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kó tó di pé a ka pàrágà mọ́ ọn.

Kì í ṣe òun nìkan. Ìwádìí tí UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, àti àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè yìí, NBS, gbé jáde ní ọdún 2019 sọ pé nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6 ló lo oògùn ìdílé yìí láàárín ọdún kan láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adéwọlé, ọmọ Iléṣà, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà, ló kéde pé kí wọ́n dáwọ́ kíkó codeine wọlé fún pípo oògùn ikọ́ olómi dúró. Ọ̀pọ̀ ọjà ti kúrò lórí káńtà láti ìgbà náà. Àwọn tí ó ti di bárakú fún kò kúrò nílùú.

Bárakú yìí, mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹ má kà á sí ìwàkiwà lásán. Bí èèyàn bá lo oògùn náà fún ìgbà pípẹ́, ara á gbàgbé bí òun ṣe ń gbé láìsí i. Kó tó pé ọjọ́ kan tí kò rí i, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yán, omi á máa já lójú àti nímú rẹ̀, ara á ṣù pọ́pọ́pọ́, inú á máa run, ẹsẹ̀ kò ní í gbé jẹ́ẹ́ lórí ibùsùn, oorun á sì dá lójú rẹ̀. Mo mọ obìnrin kan tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tí abẹ́rẹ́ pentazocine tí wọ́n ń gún fún ìrora eegun rẹ̀ láti kékeré ti di bárakú sí i lára. Kò mu sìgá rí láyé rẹ̀.

Ẹ wá fi ọkàn yàwòrán ọjọ́ kan nínú ayé awakọ̀ tí kò rí ìtọ́jú. Láàárọ̀, ara ń bẹ̀bẹ̀, ọwọ́ ń gbọ̀n, kò lè fọkàn sí ọ̀nà. Ó gbé hóró kan mì, ara le, ó sáré. Lọ́sàn-án, òògbé. Nírọ̀lẹ́, ara tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Kò sí wákàtí kan nínú ọjọ́ rẹ̀ tí ọpọlọ rẹ̀ dúró sójú kan. Ìdúró sójú kan yẹn gan-an ni ohun tí oògùn ìtọ́jú wá fún.

Oògùn tó ń mú ara dúró sójú kan

Mẹ́ta ni wọ́n ń lò jù lágbàáyé. Naltrexone ni mo máa fi sẹ́yìn kíákíá, torí kì í ṣí ilẹ̀kùn rárá. Ó kàn di ihò kọ́kọ́rọ́ pa kí oògùn mìíràn má lè wọ̀ ọ́ ni, ewu òògbé rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Methadone àti buprenorphine ni ọ̀rọ̀ wà nínú wọn, torí ọmọ ìdílé oògùn ìrora ni àwọn fúnra wọn. Ibẹ̀ ló ń rú àwọn èèyàn lójú: báwo lèèyàn ṣe ń fi irú rẹ̀ wo irú rẹ̀?

Àwọn ará Jámánì ló kọ́kọ́ pò methadone, kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1960 sí 1969 ni Vincent Dole àti Marie Nyswander bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́jú àwọn tí heroin di bárakú fún nílùú New York, ní Amẹ́ríkà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kì í yára wọlé, kì í sì í yára jáde. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ti tó. Kò ní gbé èèyàn sókè, kò sì ní já a sílẹ̀. Buprenorphine, tí ẹ̀gbọ́n mi ń lò, máa ń ṣí ilẹ̀kùn náà dé ààyè kan, á sì dúró níbẹ̀. Bí èèyàn tiẹ̀ fi kún un, kì í ṣí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi àwọn méjèèjì sínú ìwé àwọn oògùn tó ṣe kókó ní ọdún 2005.

Ṣùgbọ́n àìyára jáde tó jẹ́ ẹwà methadone náà ló mú kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ léwu fún awakọ̀. Ẹ wò ó báyìí. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó mu ún, ara rẹ̀ balẹ̀, kò tòògbé. Ó ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ Ajé kò tíì kúrò lára tí ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun fi wọlé. Méjèèjì ò tíì tán tí ti Ọjọ́rú fi dé. Títí di Ọjọ́bọ̀, ìwọ̀n tí wọ́n fún un kò yí padà, àmọ́ èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ ju ti ọjọ́ Ajé lọ fíìfíì. Awakọ̀ tó dán ara rẹ̀ wò lọ́jọ́ Ajé, tó rí i pé kò sí nǹkan, ó lè sùn lójú ọ̀nà lọ́jọ́ Ẹtì. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń ní kí èèyàn má wakọ̀ rárá ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, kó sì tún dáwọ́ dúró nígbàkígbà tí wọ́n bá yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, títí ara á fi gbà á mọ́ra. Ní òòjọ́ pàápàá, wákàtí méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tí èèyàn bá mu methadone ló máa ń lágbára jù lára.

Lẹ́yìn tí ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ yẹn bá kọjá ńkọ́? Àwọn olùwádìí ti gbé àwọn tó ń gba ìtọ́jú sórí ẹ̀rọ tó ṣe bí ọkọ̀, wọ́n ti wọn bí ọwọ́ wọn ṣe yá tó àti bí wọ́n ṣe lè pọkàn pọ̀ pẹ́ tó. Ohun tó ń jáde léraléra ni pé ẹni tó ti lo oògùn rẹ̀ pẹ́, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà, tí kò sì pa nǹkan mìíràn pọ̀ mọ́ ọn, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò lo nǹkan kan. Àwọn tó ń lo buprenorphine tún máa ń ṣe dáadáa ju àwọn tó ń lo methadone lọ. Kò túmọ̀ sí pé ewu ti tán. Ní Norway, nígbà tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ oògùn wé àkọsílẹ̀ ìjàm̀bá ọkọ̀, wọ́n rí i pé ewu ìjàm̀bá lára àwọn ọkùnrin tó ń gba methadone ju ìlọ́po méjì ti àwọn ọkùnrin yòókù lọ, wọn kò sì rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ lára àwọn obìnrin. Oògùn kan náà, ara ọkùnrin àti ara obìnrin. Lójú tèmi, ohun tí ìyẹn ń sọ fún wa ni pé oògùn nìkan kọ́ ló ń fa ìjàm̀bá. Irú ẹni tó ń wakọ̀, bó ṣe ń wà á, àti ohun tó tún mu lé e, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tó tún mu lé e! Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí. Ọtí pẹ̀lú methadone, tàbí diazepam tí àwọn èèyàn ń lò láti rí oorun sùn pẹ̀lú buprenorphine, kì í ṣe pé wọ́n kàn ro ara wọn pọ̀. Ṣe ni ọ̀kan ń ti èkejì lẹ́yìn, tí òògbé fi máa ń wọlé bí olè, tí èémí sì lè dúró. Pàrágà jẹ́ ọtí, bí wọ́n tiẹ̀ pè é ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Piriton tí a ń lò fún ara yíyún àti ọ̀fìnkìn máa ń mú oorun wá, ó sì máa ń kún ti oògùn wọ̀nyí. Rifampicin, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ní tirẹ̀ máa ń lé methadone jáde kúrò lára kíákíá, tí ẹni tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, tí ọwọ́ rẹ̀ á sì máa gbọ̀n lẹ́nu ìwakọ̀ láìmọ ohun tó fà á.

Ohun tí òfin ń wò, àti ohun tí kò rí

Nígbà tí ilé rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé bó ṣe rí níbi tó ń gbé. Ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ó kọ̀wé sí DVLA, ọ́fíìsì tó ń fúnni ní ìwé ìwakọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí òfin ló ní kó sọ fún wọn. Wọn ò gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ kékeré, tó ń tẹ̀ lé ìtọ́jú dókítà dáadáa, lè gba ìwé tí wọ́n á máa yẹ̀ wò lọ́dọọdún. Fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti tírélà, wọ́n le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó gbọ́dọ̀ ti dúró ṣinṣin sínú ìtọ́jú fún ó kéré tán ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ rárá. Láti oṣù Kẹta ọdún 2015 ni òfin ibẹ̀ sì ti fi òǹkà lé oògùn nínú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀. Ti methadone jẹ́ 500 máíkírógíráàmù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, ti morphine jẹ́ 80. Ẹni tó bá kọjá òǹkà lè sọ pé dókítà ló kọ ọ́ fún òun, pé òun sì lò ó bí wọ́n ṣe ní kí òun lò ó. Àmọ́ bó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójú títì, àwáwí yẹn ò gbà á sílẹ̀.

Ohun tó wù mí nínú ètò yẹn ni pé ó fún awakọ̀ ní ìdí láti sọ òtítọ́. Bó bá sọ ọ́, ọ̀nà wà fún un láti padà sídìí ọkọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, òfin kò gbà kí èèyàn wakọ̀ nígbà tí oògùn tàbí ọtí bá ń pa á, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Ìṣòro wà nídìí bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ tí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó máa ń gbé sí awakọ̀ lẹ́nu pé kó fẹ́ atẹ́gùn sí, ọtí nìkan ló ń kà. Dẹ́rẹ́bà tó gbé 450 mì tí kò fi pàrágà lé e, bó fẹ́ atẹ́gùn sí i títí di ọ̀la, òdo ni yóò máa rí. Àyẹ̀wò ìtọ̀ náà ní àbùkù tirẹ̀. Bébà àyẹ̀wò tó ń wá morphine kì í sábà rí tramadol, kì í rí methadone, kì í sì í rí buprenorphine, àfi tí wọ́n bá mú èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wá. Bó bá tiẹ̀ rí i, ohun tí ìtọ̀ lè sọ ni pé oògùn ti gba ibẹ̀ kọjá. Kò lè sọ bóyá ojú ẹni yẹn ń ṣú lásìkò tó di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Tí a bá fi bébà buprenorphine yẹ ẹ̀gbọ́n mi wò, á jẹ̀bi lójoojúmọ́. Tí a bá fi bébà morphine yẹ dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ Iléṣà wò, ó ṣeé ṣe kó lọ láìṣẹ̀.

Nítorí náà, bí oṣù Ẹ́mbà bá dé tí àwọn àjọ bá ń lọ káàkiri gáráàjì, mo máa ń fẹ́ kí wọ́n lo ojú wọn ju ẹ̀rọ lọ. Ọmọlójú tó sún kì nínú òkùnkùn, ọwọ́ tó ń họ imú láìdúró, ọ̀rọ̀ tó ń wọ́ lẹ́nu, ẹni tó ń tòògbé lórí ìdúró: nọ́ọ̀sì kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà gáráàjì ní aago márùn-ún ìdájí lè rí gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì.

Ifẹ̀ ló sì yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ló gbé e dìde. Ní ọdún 1977, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ifẹ̀ àti Iléṣà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá dá FRSC sílẹ̀ ní ọdún 1988, Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́. Eré àsápajúdé àti ọtí ni wọ́n ń bá jà láyé ìgbà yẹn. Hóró 225 kò tíì wọ gáráàjì.

Methadone àti buprenorphine kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá pàdé ní kẹ́mísítì ní Lágere tàbí ní Èréjà, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, torí ọwọ́ dókítà ló yẹ kí wọ́n wà. Dókítà ọpọlọ wà ní OAUTHC, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka tó dá dúró fún ìtọ́jú bárakú oògùn nìkan. Awakọ̀ tó bá débẹ̀, kó má fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ fún dókítà. Kó sọ pé dẹ́rẹ́bà lòun, kó sọ irú ọkọ̀ tó ń wà àti ìgbà tó ń gbéra, torí ìyẹn lè yí oògùn tí wọ́n máa mú fún un padà, ó sì lè yí àkókò tó máa lò ó padà. Kó sọ gbogbo ohun mìíràn tó ń lò, àgbo inú ike pàápàá. Kó má sì ṣe já oògùn náà fúnra rẹ̀ torí pé ó fẹ́ wakọ̀ lọ́la. Ẹni tí ara rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún oògùn léwu lójú ọ̀nà bí ẹni tó lò ó jù.

Ẹ̀yin olórí gáráàjì àti ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀, ọwọ́ yín ni ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ yẹn wà. Bí awakọ̀ bá wá bá yín pé òun fẹ́ lọ tọ́jú ara òun, tí ẹ bá gba ọkọ̀ tí ẹ sì lé e lọ, àwọn tó kù tó ń wò yín kò ní sọ tiwọn láéláé. Iṣẹ́ kún gáráàjì tí kò ní ọwọ́ ọkọ̀ nínú. Ẹ jẹ́ kó máa kọ orúkọ èrò, kó máa bá wọn já tíkẹ́ẹ̀tì, kó máa rí owó oúnjẹ mú lọ sílé títí dókítà á fi ní ó tó àkókò.

Ìdájí ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi máa padà sí Èkó lọ wọkọ̀ òfuurufú, ó ti fi oògùn sábẹ́ ahọ́n, ó ti jókòó sórí àga rẹ̀. Màmá àgbà dúró tì í títí ó fi yọ́ tán. Wọ́n wá bi í pé, "Ṣé o sùn lánàá?" Ó ní òun sùn, mà. "Ṣé wọ́n yí i padà fún ọ láìpẹ́ yìí?" Ó ní rárá, mà, láti ọdún méjì. "Àwọn ọmọ ìyá rẹ gbé ẹmu wá lálẹ́ àná. Ṣé o fẹnu kàn án?" Ó ní òun ò fẹnu kàn án. Wọ́n wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀, wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n sì na kọ́kọ́rọ́ sí i.